Kí ló dé tí ikọ̀ bésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà fi ń gbá eré 162 lọ́dún?

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò mi wá kí wa láti Ìbàdàn, mo sì mú un lọ wo bésíbọ́ọ̀lù ní pápá Camden Yards ní Baltimore. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, nínú oṣù Karùn-ún. Ibi iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti wá, báàgì ṣì wà léjìká wọn. Ẹ̀pà ni àwọn ọmọdé ń jẹ, wọ́n ń da èèpo rẹ̀ sábẹ́ àga, kò sì sẹ́ni tó bá wọn wí. Nígbà tó yá, Orioles, ikọ̀ ìlú náà, fìdí rẹmi. Àbúrò mi ń retí ariwo. Ó ń retí kí àwọn èèyàn máa bú kóòṣì bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé ìwòran ní Mọ́kọ́lá nígbà tí Arsenal bá pàdánù. Kò rí nǹkan tó jọ ọ́. Ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó níwájú wa ká aṣọ òtútù rẹ̀, ó fi ìwé tó ti ń kọ bí eré ṣe ń lọ sápò, ó ní "ó dọ̀la", ó sì bá tirẹ̀ lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n tún máa gbá a lọ́la ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àti ọ̀tunla pẹ̀lú, ikọ̀ kan náà yìí ni wọ́n sì máa bá gbá a.

"Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n wá ń gbá a lọ́dún, ẹ jọ̀ọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀méjìlélọ́gọ́jọ."

Ó wò mí títí. Ó rò pé mo ń fi òun ṣeré ni.

N kò dá a lẹ́bi. Ẹni tó bá ń wo Premier League mọ̀ pé eré 38 ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbá ní sáà kan, ó sì ti gbọ́ bí àwọn kóòṣì ṣe ń ráhùn pé ara àwọn ọmọ àwọn ti ń kọ̀. Ní Amẹ́ríkà níbí, eré 82 ni ikọ̀ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ NBA ń gbá. NFL, líìgì bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń fi ara kọlu ara, 17 péré ni tiwọn. Ṣùgbọ́n ikọ̀ 30 tó wà nínú Major League Baseball, tí gbogbo èèyàn ń pè ní MLB, 162 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gbá, 81 nílé, 81 lẹ́yìn odi. Bí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, eré 2,430 ni, láti ìparí oṣù Kẹta sí ìparí oṣù Kẹsàn-án, kí wọ́n tó dé ìdíje àṣekágbá rárá. Nǹkan bí ọjọ́ 186 ni wọ́n fi ń gbá a. Ẹ yọ 162 kúrò nínú rẹ̀, ẹ ó rí iye ọjọ́ tí ọkùnrin kan fi ń sinmi láàárín oṣù mẹ́fà, inú ọkọ̀ òfuurufú ló sì ti ń lo díẹ̀ nínú àwọn ọjọ́ ọ̀hún.

Ọ̀rọ̀ náà gbóná lásìkò yìí nítorí àdéhùn tó wà láàárín àwọn olówó ikọ̀ àti ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 2026 ni àdéhùn ọ̀hún máa parí. Owó oṣù ni ìjà tó tóbi jù níbẹ̀: àwọn olówó ikọ̀ ń wá òfin tí yóò fi ààlà sí iye tí ikọ̀ kan lè ná lórí agbábọ́ọ̀lù, ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù sì ti kọ̀ jálẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àmọ́ ìgbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ jókòó sórí àdéhùn, ìbéèrè kan kì í ṣàì yọjú: ṣé kí wọ́n dín eré kù, kí ó padà sí 154 tó wà tẹ́lẹ̀? Rob Manfred, kọmíṣánnà MLB, ti sọ ọ́ rí ní gbangba pé ó ṣeé jíròrò, ó sì fi kún un pé owó tó máa bá a lọ kì í ṣe kékeré. Ẹni tó bá fẹ́ dá sí i gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí 162 ti wá.

Owó géètì àti ìṣirò

Ọdún 1876 ni National League, ọ̀kan nínú líìgì méjì tó para pọ̀ di MLB, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ikọ̀ 8, nǹkan bí eré 70 ni wọ́n sì ṣètò fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan. Owó tí èrò ń san lẹ́nu géètì ni olórí ohun tó ń wọlé. Kò sí rédíò, kò sí tẹlifíṣọ̀n, kò sí ilé iṣẹ́ tó ń sanwó kí wọ́n kọ orúkọ òun sára aṣọ. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ni ikọ̀ ti háyà àwọn agbábọ́ọ̀lù fún gbogbo ìgbà ooru. Bí wọ́n gbá o, bí wọn ò gbá o, owó wọn ń rìn. Pápá tó bá dákẹ́ rọ́rọ́ lọ́sàn-án, gbèsè ló ń bí. Kí ni ẹni bẹ́ẹ̀ máa ṣe? Ó máa ṣí géètì lójoojúmọ́ tí òjò ò bá rọ̀ ni. Kí ọ̀rúndún yẹn tó parí, iye eré ti kọjá 100 dáadáa. Nígbà tó di 1904, National League àti American League, tó di líìgì ńlá ní 1901, jọ fẹnu kò sí 154.

Kí ló dé tí kò jẹ́ 150 gbáko? Ikọ̀ 8 ló wà nínú líìgì kọ̀ọ̀kan. Alátakò 7 ni ikọ̀ kan ní. Tó bá bá ọ̀kọ̀ọ̀kan gbá a ní ìgbà 22, 11 nílé, 11 lọ́hùn-ún, 7 lọ́nà 22 jẹ́ 154. Ìṣirò lásán ni, kò sí awo kankan níbẹ̀.

Ọkọ̀ ojú irin náà lọ́wọ́ sí i. Láti Boston dé St. Louis, ìrìn àjò tó ń gba ọ̀sán àti òru ni nígbà yẹn. Kò sẹ́ni tó máa kó èèyàn rìn tó bẹ́ẹ̀ nítorí eré ọ̀sán kan ṣoṣo. Bí ikọ̀ bá ti wọ ìlú, yóò dúró ní ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, yóò bá onílé gbá a títí, nígbà míì ẹ̀ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan, kó tó di ẹrù rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún àbúrò mi pé ikọ̀ kan náà ni wọ́n máa bá gbá a lọ́la. Ọkọ̀ òfuurufú ló ń gbé wọn báyìí, àmọ́ àṣà ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n ṣì ń bá lọ.

Ní 1961, American League fi ikọ̀ méjì kún tiwọn, Los Angeles Angels àti Washington Senators tuntun, nítorí pé Senators ti tẹ́lẹ̀ ti kó lọ sí Minnesota. Ikọ̀ 8 di 10, alátakò 7 di 9. Tí wọ́n bá ní kí ó ṣì máa jẹ́ ìgbà 22, eré á di 198, ìyẹn ò ṣeé gbá kí òtútù tó dé. Wọ́n wá dín in sí ìgbà 18. 9 lọ́nà 18 jẹ́ 162. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, National League náà gba New York Mets àti ikọ̀ Houston wọlé, àwọn náà di 162.

Ẹ wá wò ó dáadáa. Ní 1969, líìgì kọ̀ọ̀kan ti di ikọ̀ 12, ìṣirò tó bí 162 sì ti kú látìgbà náà. Lónìí, ikọ̀ 30 ló wà, alátakò 29 ni ikọ̀ kan ní, gbogbo wọn ló sì ń bá ara wọn pàdé láti 2023. 162 ò ṣeé pín sí 29 láìṣẹ́kù. Ìgbà 13 ni ikọ̀ kan ń bá ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tó sún mọ́ ọn jù gbá a, àwọn tó kù sì ń gba ìwọ̀nba tó bá ṣẹ́kù. Ohun tó bí nọ́ńbà náà ti lọ tipẹ́, nọ́ńbà náà ṣì wà nílé.

Ọdún tí eré 8 sọ Amẹ́ríkà di oníjà

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé eré 8 tí wọ́n fi kún un kò tó nǹkan, ó yẹ kó gbọ́ ohun tí ojú Roger Maris rí lọ́dún 1961 yẹn gan-an.

Babe Ruth, ọmọ bíbí Baltimore, ti gbá home run 60 ní 1927. Home run ni kí ẹni tó di igi mú gbá bọ́ọ̀lù fò kọjá odi pápá. Fún ọdún 34, kò sẹ́ni tó kọjá 60. Ní 1961, Maris tó ń gbá fún New York Yankees ń sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Nínú oṣù Keje, kọmíṣánnà ìgbà náà, Ford Frick, tó ti jẹ́ ọ̀rẹ́ Ruth, tó sì máa ń bá Ruth kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn, gbé àṣẹ kan kalẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ borí Ruth gbọ́dọ̀ ṣe é láàárín eré 154. Bó bá jẹ́ pé inú eré mẹ́jọ tó gbẹ̀yìn ló ti ṣe é, ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa kọ tirẹ̀.

Ìlú Baltimore níbí ni Yankees ti gbá eré kẹrìnléláàádọ́jọ wọn, ní ogúnjọ́ oṣù Kẹsàn-án. Maris gbá ìkọkàndínlọ́gọ́ta lọ́jọ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ ò tó ọgọ́ta. Ìdààmú ti mú irun orí rẹ̀ máa já. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá, tó jẹ́ ọjọ́ tí sáà parí, Tracy Stallard ti Boston ju bọ́ọ̀lù sí i, ó gbá a sínú èrò lápá ọ̀tún, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 19 kan sì mú un. Ọ̀kànlélọ́gọ́ta. Ayò kan ṣoṣo yẹn náà ni Yankees fi borí, 1–0. Èèyàn 23,154 péré ló wà ní Yankee Stadium, pápá tó lè gba ju ìlọ́po méjì wọn lọ, nítorí àṣẹ Frick ti mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ọdún 1991 ni MLB tó wá pinnu pé ti Maris ni ipò náà, láìsí àmì kankan níwájú orúkọ rẹ̀. Maris ò sí láyé mọ́ nígbà yẹn, ó ti kú ní 1985.

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí. Ọkùnrin náà kọ́ ló ṣètò sáà. Àwọn tó fi eré kún un ni wọ́n tún jókòó láti sọ pé eré tí àwọn fi kún un kò jọ eré.

Báwo ni ara ṣe ń gbà á?

Àbúrò mi bi mí léyìí náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tí a ń wa ọkọ̀ bọ̀ nílé. Báwo ni èèyàn ṣe máa gbá eré lónìí, lọ́la, lọ́tunla, fún oṣù mẹ́fà?

Bésíbọ́ọ̀lù kì í mú ẹsẹ̀ bí bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá. Agbábọ́ọ̀lù àárín pápá nínú Premier League máa ń sáré tó kìlómítà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú eré kan. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣọ́ pápá ní bésíbọ́ọ̀lù lè dúró fún ogún ìṣẹ́jú kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bó bá kan án láti di igi mú, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni nínú eré kan. Ó máa ń sáré, ó máa ń fò, ó sì máa ń fara gbálẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni. Ohun tó ń rẹ̀ wọ́n ni ìrìn àjò, oorun tí kò tó, àti kí ojú máa wà lójúfò lójoojúmọ́. Cal Ripken ti Orioles gbá eré 2,632 tẹ̀ léra wọn láìfo ọ̀kan, láti 1982 sí 1998. Lálẹ́ ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹsàn-án 1995, nígbà tó kọjá 2,130 ti Lou Gehrig, wọ́n sọ nọ́ńbà ńlá 2131 kalẹ̀ sára ilé ìkẹ́rù oníbíríkì pupa tó wà lẹ́yìn pápá Camden Yards, eré sì dúró fún ìṣẹ́jú 22 tí àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Mo fi ilé pupa yẹn han àbúrò mi.

Ẹnì kan ṣoṣo ni ara rẹ̀ kì í gbà á: ajubọ́ọ̀lù, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó di igi mú. Ó ń jù ú bíi 90 tàbí 100 ìgbà lálẹ́ kan, bọ́ọ̀lù tó bá fi gbogbo agbára jù ń yára tó kìlómítà 150 ní wákàtí kan. Apá ò lè ṣe ìyẹn lójoojúmọ́. Nítorí náà, ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ń kó ajubọ́ọ̀lù márùn-ún jọ tí wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn, tí ẹni tó jù ú lónìí yóò sinmi fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Bí ẹ bá pín 162 sí 5, ẹ ó rí i pé nǹkan bí ìgbà 32 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń bẹ̀rẹ̀ eré lọ́dún. Ìyẹn ò jìnnà sí 38 ti Premier League mọ́. Yàtọ̀ sí àwọn márùn-ún yìí, àwọn mìíràn tún wà tí wọ́n ń wọlé láti parí eré. Nínú agbábọ́ọ̀lù 26 tí òfin gbà fún ikọ̀ kan, 13 lè jẹ́ ajubọ́ọ̀lù.

Eré kan ò lè sọ òótọ́

Ibí ni mo gbà pé gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà wà, láìka owó sí.

Àwọn tó ń ta ayò mọ̀ pé ọ̀pẹ lè jẹ ọ̀ta lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ta á títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, gbogbo ẹni tó yí wọn ká ni yóò mọ èwo ni ọ̀ta. Bésíbọ́ọ̀lù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí eré tó fi ààyè sílẹ̀ fún oríire tó o. Ẹni tó di igi mú lè gbá bọ́ọ̀lù dáadáa, kó lọ sọ́wọ́ alátakò tààrà. Ẹlòmíràn lè fi etí igi kàn án, kó ṣubú síbi tí kò sẹ́nì kankan. Ẹni tó bá gbá a yege ní ìgbà mẹ́ta nínú mẹ́wàá, ọ̀gá ni wọ́n ń pè é. Ikọ̀ tó mókè jù máa ń pàdánù bíi 60 eré lọ́dún. Ikọ̀ tó burú jù náà máa ń borí. Ní 2024, Chicago White Sox pàdánù 121, iye tó pọ̀ jù lọ láti 1900, síbẹ̀ wọ́n borí nínú eré 41. Nínú NFL, irú ikọ̀ bẹ́ẹ̀ lè parí sáà láì borí rárá, Detroit sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2008, 0–16.

Mo ṣe ìṣirò kan fún àbúrò mi, nítorí olùkọ́ ìṣirò ni. Ká ní ikọ̀ kan dáa ju àwọn alátakò rẹ̀ lọ díẹ̀, tó fi jẹ́ pé nínú eré 100 yóò borí 55. Tí wọ́n bá gbá eré 17 péré, ìdá 34 nínú 100 ni àǹfààní pé kò ní borí tó ìdajì. Ìyẹn ni pé nínú ikọ̀ dáadáa mẹ́ta, a ó pe ọ̀kan ní ọ̀lẹ lásán. Ẹ fún un ní eré 162, àǹfààní pé yóò borí ju ìdajì lọ yóò gòkè dé nǹkan bí ìdá 88. Ìdá 88 náà ò pé 100, ṣùgbọ́n ó ṣeé gbára lé.

Nationals ti Washington, tí ilé wọn ò ju wákàtí kan sí tiwa, ni àpẹẹrẹ tí n kò lè gbàgbé. Ní 2019, lẹ́yìn eré 50, wọ́n ti borí 19, wọ́n ti pàdánù 31. Lára àwọn tó ń wò wọ́n, àwọn kan ti ń pariwo pé kí wọ́n lé kóòṣì. Ká ní sáà eré 50 ni, wọ́n ti kó ẹrù wọn nìyẹn. Wọ́n ṣì ní 112 nílẹ̀. Wọ́n borí 74 nínú rẹ̀, wọ́n wọ ìdíje àṣekágbá, wọ́n sì gba ife World Series, ìyẹn ife tó kẹ́yìn gbogbo rẹ̀, lọ́dún náà. Sáà gígùn náà kì í pa àṣìrí mọ́ fún ẹnikẹ́ni: ní 1988, Orioles wa pàdánù 21 àkọ́kọ́ tẹ̀ léra. Àwọn èèyàn ní ó máa tó yí padà. Kò yí padà, 107 ni wọ́n pàdánù kí ọdún tó parí.

Ta ló máa fara mọ́ àdánù náà?

Bí wọ́n bá dín 162 sí 154, eré 8 kúrò lára ikọ̀ kọ̀ọ̀kan, 4 nínú rẹ̀ jẹ́ ti ilé. Lápapọ̀, eré 120 ló máa lọ. Ní 2024, nǹkan bí mílíọ̀nù 71 tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n tà. Bí a bá pín in dọ́gba, nǹkan bí 29,000 ni fún eré kan. Eré 120 jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì, ká tó ka bíà, ẹ̀pà, owó ibi ìgbọ́kọ̀sí, àti owó àwọn tó ń tajà lẹ́bàá pápá tí wọn kì í jókòó sí yàrá ìpàdé kankan.

Tẹlifíṣọ̀n ńkọ́? NBA ń parí nínú oṣù Kẹfà, NFL ń bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Kẹsàn-án. Láàárín wọn, bésíbọ́ọ̀lù ló ni alẹ́. Ìyẹn ni àwọn ìkànnì agbègbè fi sanwó ńlá fún ikọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí pé ó ń fún wọn ní nǹkan tí wọ́n máa fi hàn ní alẹ́ tó ju 150 lọ. Ọjà náà ti ń dẹ̀ báyìí. Nínú oṣù Kẹta 2023, Diamond Sports, tó ní ẹ̀tọ́ sí eré ọ̀pọ̀ ikọ̀, lọ sílé ẹjọ́ pé àwọn ò lè san gbèsè mọ́. Ní irú àsìkò yìí, kò sí olówó ikọ̀ tó máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ọjà rẹ̀ nù.

Àwọn agbábọ́ọ̀lù náà ò fẹ́ kí wọ́n gé owó wọn. Juan Soto fọwọ́ sí àdéhùn ọdún 15 pẹ̀lú Mets ní oṣù Kejìlá 2024 fún mílíọ̀nù 765 dọ́là. Ní ìpíndọ́gba, mílíọ̀nù 51 lọ́dún ni, eré 8 nínú rẹ̀ sì tó mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀. Fún ọ̀dọ́mọdé tó ń gba 760,000 dọ́là tó kéré jù ní 2025, ó lé ní 37,000. Ìjà 2020 kò tíì kúrò lọ́kàn wọn. Àrùn Kòrónà dín sáà yẹn sí eré 60, ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ sì ni wọ́n fi jà lórí bóyá kí owó oṣù bá iye eré mu. Ní 2022, lẹ́yìn tí àwọn olówó ikọ̀ ti ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù fún ọjọ́ 99, tí sáà sì bẹ̀rẹ̀ pẹ́, wọ́n ṣì wá ọ̀nà há gbogbo 162 mọ́ ọdún náà. Eré méjì lọ́jọ́ kan ni wọ́n fi dí àlàfo.

Dípò kí wọ́n dín iye eré, àkókò ni wọ́n dín. Láti 2023, aago ń ka iye ìṣẹ́jú àáyá tí ajubọ́ọ̀lù lè lò kó tó ju bọ́ọ̀lù. Ìpíndọ́gba eré kan sọ̀ kalẹ̀ láti wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 4 ní 2022 sí wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 40. Ìṣẹ́jú 24 lọ́nà 162 tó wákàtí 65 lórí ikọ̀ kan. Bí èèyàn bá fi ojú aago wò ó, ó dà bí ẹni pé wọ́n ti yọ eré 24 kúrò, géètì kan ò sì tì.

Àwọn tó ń fẹ́ kí ó dín kù ní ẹjọ́ tiwọn. Òtútù oṣù Kẹrin ní Minnesota kì í ṣe ohun tí èèyàn fi ń ṣeré, World Series 2025 sì wọ ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá kí Dodgers tó borí Toronto. Ìgbọ̀nwọ́ àwọn ajubọ́ọ̀lù ń bàjẹ́ bí iná ọyẹ́. Iṣẹ́ abẹ ìgbọ̀nwọ́ tí Dókítà Frank Jobe kọ́kọ́ ṣe fún ajubọ́ọ̀lù Tommy John ní 1974 ti wá di ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ ilé ìwé pàápàá. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí MLB fúnra rẹ̀ gbé jáde ní oṣù Kejìlá 2024 tọ́ka sí bí gbogbo wọn ṣe ń lépa kí bọ́ọ̀lù túbọ̀ máa yára, tí wọ́n ń fi gbogbo agbára jù ú ní gbogbo ìgbà. Èmi ò rí bí yíyọ eré mẹ́jọ ṣe máa wo ìyẹn sàn. Ní Japan, eré 143 ni wọ́n ń gbá, Korea 144. Ní Cuba, níbi tí àwọn ọmọ Lùkùmí ti ń gbá pelota, bí wọ́n ṣe ń pe bésíbọ́ọ̀lù, láti ìran dé ìran, tiwọn ò tó 100. Wọ́n ń gbé e bẹ́ẹ̀, eré wọn ò kú.

Bó bá jẹ́ èmi, ìdíje àṣekágbá ni màá kọ́kọ́ gbé ọ̀bẹ lé. Ní 2023, Orioles borí 101, kò sí ikọ̀ tó jù wọ́n lọ nínú American League. Texas Rangers, tí wọ́n borí 90, lù wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀ léra nínú ìdíje eré márùn-ún, wọ́n sì gba ife. Ẹni tí wọ́n bá pàdé níparí, Arizona, 84 ni wọ́n borí. Ikọ̀ 12 ló ń wọlé báyìí. Ṣáájú 1969, méjì péré ni, olórí líìgì kọ̀ọ̀kan. Oṣù mẹ́fà ni a fi ń wá òótọ́, ọ̀sẹ̀ kan ló sì ń tú u ká. Bí wọ́n bá nílò àyè nínú kàlẹ́ńdà, ibẹ̀ ló wà.

Àbúrò mi ti padà sí Ìbàdàn látìgbà náà. Nínú oṣù Kẹsàn-án, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kí n tó jí. Ó ti wo èsì alẹ́ àná.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀ o. Wọ́n tún ti na Orioles yín. Ó ku mélòó?"

Mo dá a lóhùn pé ó ku mọ́kànlá.